Wíwo Sẹ́ẹ̀lì Ewéko Lábẹ́ Máíkírósíkóòpù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń dá kọ́ ara wọn máa ń béèrè léraléra nípa bí a ṣe ń fi máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, wo sẹ́ẹ̀lì ewéko. A tò wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó díjú, kí ẹni tí ó bá ti mọ ìpìlẹ̀ lè bọ́ sí ibi tí ó bá wù ú.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì, kí sì ni ìdí tí ojú lásán kò fi lè rí i?

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ tí a lè sọ pé ó wà láàyè nínú ara ohun gbogbo tí ó ní ìyè. Ewé, igi, gbòǹgbò, òdòdó àti èso, sẹ́ẹ̀lì ni ó para pọ̀ di gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ewéko kò tóbi ju máíkírómítà 10 sí 100 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni máíkírómítà 1,000 ni ó wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ojú ènìyàn kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn kò bá tó nǹkan bíi máíkírómítà 100, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń dà bí aṣọ tí kò lójú òwú lójú wa.

Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ yìí nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1665. Ó fi ọ̀bẹ mímú rẹ́ èèpo igi tí a fi ń ṣe ìdérí ìgò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì rí àwọn yàrá kéékèèké tí ó fi wé afárá oyin. Òfìfo ni àwọn yàrá náà, nítorí pé èèpo igi náà ti kú, ògiri sẹ́ẹ̀lì nìkan ni ó ṣẹ́kù. Iṣẹ́ tí ó ṣe lọ́jọ́ náà ni àwa náà ń ṣe títí di òní: ó kọ́kọ́ sọ nǹkan náà di fẹ́lẹ́ kí ó tó gbójú lé e. Nínú ìdáhùn tí ó pọ̀ jù nísàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ̀bi nígbà tí a kò bá ríran. Bí a ti tọ́jú ohun tí a fẹ́ wò ni ẹjọ́ wà.

Irú máíkírósíkóòpù wo ni ó tó fún iṣẹ́ yìí?

Èyí tí ó wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti tó. Ó ní lẹ́ǹsì ojú, èyí tí a ń gbójú lé, tí ó sábà máa ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Ó tún ní lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a lè yí po: ti 4, ti 10, ti 40, àti nígbà mìíràn ti 100. Lẹ́ǹsì ojú ti 10 pẹ̀lú lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ ti 40 á sọ nǹkan di ìlọ́po 400. Ìlọ́po 100 tó láti rí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti tò, ìlọ́po 400 sì tó láti rí ohun tí ó wà nínú wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí páálí tí wọ́n kọ ìlọ́po 1,200 tàbí 2,000 sí lára tàn yín jẹ. Bí lẹ́ǹsì kò bá dára, ohun tí ó rí bàìbàì ní kékeré yóò kàn rí bàìbàì ní ńlá ni. Foldscope, máíkírósíkóòpù onípépà tí Manu Prakash àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, kò ju ìlọ́po bíi 140 lọ, síbẹ̀ ó ń fi sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà hàn.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ àlùbọ́sà ni gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀?

Nítorí pé láàárín ìpele kan àti èkejì nínú rẹ̀, awọ kan wà tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan péré ni nínípọn rẹ̀. A kò nílò ọ̀bẹ láti yọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì gùn, wọ́n tóbi, wọ́n tò létòlétò. Kò sí ewéko mìíràn tí mo mọ̀ tí ó ṣàánú ọwọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń yọ awọ àlùbọ́sà, tí a sì ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì?

Ẹ kọ́kọ́ kán omi ẹ̀kán kan sí àárín gíláàsì pẹlẹbẹ, kí ó máa dúró de awọ náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ la àlùbọ́sà sí mẹ́rin, kí ẹ mú ìpele kan tí ó nípọn láti inú rẹ̀, kì í ṣe èèpo gbígbẹ ti òde. Ẹ dì í mú ní ìgun méjèèjì, kí ikùn rẹ̀ tí ó tẹ̀ kòtò kọjú sí yín, kí ẹ sì dá a sẹ́yìn títí yóò fi ṣẹ́. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò já tán: ní ibi tí ó ti ṣẹ́, awọ kan tí ń dán bí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ṣì so apá méjèèjì pọ̀. Awọ náà nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í létí, kí ẹ rọra fà á.

Ẹ gé èyí tí kò ju èékánná ọmọ ìka lọ, kí ẹ sì yára gbé e sínú omi tó wà lórí gíláàsì, nítorí pé awọ tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí fún ìṣẹ́jú mélòó kan á ká jọ, kì í sì í fẹ́ tẹ́ mọ́. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ gbalaja. Bí etí rẹ̀ bá ṣẹ́ po, ògiri sẹ́ẹ̀lì ìpele méjì yóò gba orí ara wọn kọjá bí àwọ̀n, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ́ ti ta.

Gíláàsì ìbòrí ni ó kàn. Ẹ gbé etí rẹ̀ kan kan omi náà ní dídagun, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé etí kejì ró, kí ẹ sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí omi lè máa ti afẹ́fẹ́ jáde níwájú rẹ̀. Bí omi bá ṣàn jáde létí, ẹ fi pépà tíṣù fà á. Bí gíláàsì ìbòrí bá ń léfòó kiri, omi ti pọ̀ jù.

Ṣé dandan ni gíláàsì ìbòrí?

Dandan ni. Ó ń tẹ nǹkan náà kí ó lè dọ́gba, kò jẹ́ kí omi gbẹ, kò sì jẹ́ kí omi tàbí áyódíìnì, aró tí a ó lò nísàlẹ̀, kan lẹ́ǹsì. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ṣe lẹ́ǹsì ti 40 ní ìbámu pẹ̀lú gíláàsì ìbòrí tí ó nípọn tó mìlímítà 0.17. Bí kò bá sí níbẹ̀, àwòrán náà kò ní mọ́ délẹ̀.

Lẹ́ǹsì wo ni kí n kọ́kọ́ lò?

Ti 4, nígbà gbogbo. Kókó méjì tí a ń yí ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà: ńlá àti kékeré. Kí ẹ tó gbójú lé lẹ́ǹsì ojú, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi kókó ńlá mú gíláàsì àti lẹ́ǹsì sún mọ́ ara wọn láìjẹ́ kí wọ́n kanra. Nígbà tí ẹ bá wá gbójú lé e, kí ẹ máa yà wọ́n sọ́tọ̀ títí àwòrán yóò fi mọ́. Ẹni tí ó bá ń mú wọn sún mọ́ra nígbà tí ojú rẹ̀ wà lórí lẹ́ǹsì ni ó ń fọ́ gíláàsì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ohun tí ẹ fẹ́ wò sí àárín gbùngbùn, ẹ yí i sí ti 10, lẹ́yìn náà ti 40. Láti ti 40 lọ, kókó kékeré nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn.

Mo ti gíláàsì sí ọ̀tún, àwòrán lọ sí òsì. Ṣé ẹ̀rọ náà bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Àwọn lẹ́ǹsì náà ń dorí àwòrán kodò, wọ́n sì ń sọ ọ̀tún rẹ̀ di òsì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun tí ẹ ń wò lọ sókè, ẹ fa gíláàsì sísàlẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọwọ́ yóò ti mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Mo rí àwọn òrùka ńlá tí etí wọn dúdú kirikiri. Ṣé sẹ́ẹ̀lì nìyẹn?

Ìhó afẹ́fẹ́ ni. Ó máa ń rí roboto láìlábàwọ́n, etí rẹ̀ máa ń dúdú, ó máa ń nípọn, inú rẹ̀ sì máa ń ṣófo, ó ń tàn yanran. Ewéko kì í ní sẹ́ẹ̀lì tí ó rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà ní igun, ó so mọ́ èkejì rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò sì dá dúró. Ẹ fi ìdí abẹ́rẹ́ rọra kan gíláàsì ìbòrí, bóyá ìhó náà yóò sá lọ sétí. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, kí ẹ ṣí gíláàsì ìbòrí, kí ẹ fi omi kún un, kí ẹ tún un dé.

Fọ́nrán òwú láti ara aṣọ àti eruku náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá yí lẹ́ǹsì ojú tí ìdọ̀tí náà sì ń bá a yí, ara lẹ́ǹsì ojú ni ó wà. Bí ó bá ń bá gíláàsì rìn, orí gíláàsì ni.

Ìmọ́lẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ funfun báláú, n kò sì rí nǹkan kan. Kí ni mo ṣì ṣe?

Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà níhìn-ín, èyí ni ó dùn mí jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti torí rẹ̀ pa iṣẹ́ yìí tì, tí wọ́n gbà pé ojú àwọn ni kò dára. Omi ni ó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè, inú omi náà ni a sì tẹ́ ẹ sí. Ohun tí ó mọ́ gaara nínú ohun tí ó mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Lábẹ́ pẹpẹ tí gíláàsì jókòó lé, ihò kan wà tí a lè fẹ̀ tàbí kí a dín kù. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ojú yín wà lórí lẹ́ǹsì, ẹ ó sì rí i tí ògiri àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò máa jáde wá bí ìlà tí a fi pẹ́ńsù fà.

Ẹ má ṣe dín in kù dé ibi tí etí gbogbo nǹkan yóò fi di ìlà dúdú méjì-méjì. Bí ẹ bá sì yí sí lẹ́ǹsì tí ó lágbára jù, ìmọ́lẹ̀ yóò dín kù fúnra rẹ̀, ẹ ó tún ní láti fẹ ihò náà sí i. Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo dígí: ẹ kọjú dígí sí ojú ọ̀run tí ó mọ́ tàbí sí iná, ẹ má ṣe kọjú rẹ̀ sí oòrùn láéláé. Ó lè fọ́ ènìyàn lójú.

Aró wo ni mo lè lò kí inú sẹ́ẹ̀lì lè hàn, báwo ni mo sì ṣe lè rẹ ẹ́?

Áyódíìnì ni ó rọrùn jù. Kò di dandan kí ẹ ṣí gíláàsì ìbòrí: ẹ kán an sí etí kan rẹ̀, kí ẹ sì fi pépà tíṣù kan etí kejì. Bí tíṣù bá ti ń fa omi ní ìhà kan ni áyódíìnì yóò máa wọlé ní ìhà kejì. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Núkílíọ́ọ̀sì, ẹ̀yà tí ń darí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, èyí tí onímọ̀ ewéko Robert Brown fún ní orúkọ ní ọdún 1831 nígbà tí ó ń wo sẹ́ẹ̀lì òdòdó ọ́kíìdì, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò dà bí ẹ̀wà kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tílíìnì búlúù náà dára, òun á sì sọ ọ́ di aláwọ̀ búlúù.

Áyódíìnì ń sọ sítáàsì di dúdú bí aró tí ó kún. Kí ẹnu má yà yín bí ẹ kò bá rí dúdú kankan nínú àlùbọ́sà, nítorí pé ṣúgà ni ó fi ń tọ́jú oúnjẹ tirẹ̀ pamọ́ dípò sítáàsì. Bí ẹ bá fi abẹ ha ara ànàmọ́ díẹ̀ tí ẹ sì kán áyódíìnì sí i, ẹ ó rí hóró sítáàsì tí yóò ṣú lójú yín.

Ẹ rántí pé áyódíìnì ń pa sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá fẹ́ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè, kí ẹ wò ó kí aró tó dé ibẹ̀.

Nínú ìwé, núkílíọ́ọ̀sì wà ní àárín. Èéṣe tí tèmi fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri?

Ohun tí ẹ rí ni ó tọ̀nà. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko tí ó ti dàgbà, àpò omi ńlá kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fákúólù, ni ó gba ọ̀pọ̀ jù lọ inú rẹ̀. Àpò yìí ti ohun yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí kan núkílíọ́ọ̀sì. Bí ó bá dà bí ẹni pé ó wà ní àárín nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ara ògiri òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ ni ó lẹ̀ mọ́, tí ẹ sì ń wò ó láti òkè. Bí ẹ bá rí sẹ́ẹ̀lì mélòó kan tí kò ní rárá, ó lè jẹ́ pé ó wà ní ìjìnlẹ̀ mìíràn. Ẹ yí kókó kékeré díẹ̀ kí ẹ wò ó.

N kò rí ohun aláwọ̀ ewé kankan nínú àlùbọ́sà. Ṣebí ewéko ni?

Ewéko ni, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni apá tí a ń wò yìí ti dàgbà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Kilorópíláàsì, àwọn hóró aláwọ̀ ewé tí ń lo ìmọ́lẹ̀ láti ṣe oúnjẹ, kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ wá ewé tí ó fẹ́lẹ́ nípa ìṣẹ̀dá. Mọ́ọ̀sì, ewéko rírẹlẹ̀ tí ń hù sára òkúta àti ògiri tí ó tutù, ní ewé tí sẹ́ẹ̀lì kan péré jẹ́ nínípọn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ewé Elodea, tí ń hù nínú omi, ní ìpele sẹ́ẹ̀lì méjì. Ẹ já ewé kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú omi, kí ẹ dé e. Kò nílò aró. Àwọn kilorópíláàsì yóò hàn bí ẹyin kéékèèké aláwọ̀ ewé tí wọ́n tò yí ògiri ká.

Báwo ni mo ṣe lè wo ewé tàbí igi ewéko tí ó nípọn?

A ní láti rẹ́ ẹ. Ẹ la kárọ́ọ̀tì díẹ̀ láàárín, kí ẹ fi ewé náà há a, kí ó má baà máa yẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ rẹ abẹ àti kárọ́ọ̀tì náà sínú omi, kí ẹ sì máa fa abẹ sí ara yín pẹ̀lú ìfà kan ṣoṣo, láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ rẹ́ tó ogún, kí gbogbo wọn máa bọ́ sínú àwo omi. Ẹyọ tí ó fẹ́lẹ́ jù, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà hàn nínú omi, ni kí ẹ mú, bí kò bá tilẹ̀ pé. Etí rẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ ni ẹ ó ti rí sẹ́ẹ̀lì. Abẹ ni ó ń mú tó báyìí, nítorí náà kí àgbàlagbà wà níbẹ̀ bí ọmọdé bá ń ṣe é.

Báwo ni mo ṣe lè rí ihò tí ewé fi ń mí?

Ẹ fi ọ̀dà èékánná tí kò ní àwọ̀ kun abẹ́ ewé kan ní fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù ṣí i kúrò. Àwòṣe ojú ewé náà ni ẹ mú lọ́wọ́ yẹn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, kí ẹ wò ó. Ihò kọ̀ọ̀kan dà bí ètè méjì tí ó ṣí díẹ̀: sẹ́ẹ̀lì méjì tí ń ṣọ́ ọ ni ètè náà, àwọn ni wọ́n ń ṣí i tí wọ́n sì ń pa á dé. Nínú ọ̀pọ̀ ewé, abẹ́ ni ihò wọ̀nyí pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ti òṣíbàtà, tí abẹ́ ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ omi, òkè ni wọ́n wà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fún sẹ́ẹ̀lì ní omi iyọ̀?

Bí ẹ kò bá ní ju wákàtí kan lọ fún gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ fi ṣe. Ẹ mú àlùbọ́sà pupa, kí ẹ bó awọ òde ìpele rẹ̀, níbi tí àwọ̀ pupa náà wà. Ẹ tẹ́ ẹ sínú omi lásán, kí ẹ wò ó: àwọ̀ náà kún inú sẹ́ẹ̀lì láti ògiri dé ògiri. Ẹ wá po iyọ̀ gíráàmù 5 sí 10 mọ́ omi mìlílítà 100, kí ẹ fi tíṣù fà á wọ abẹ́ gíláàsì ìbòrí bí a ti ṣe fún áyódíìnì, kí ojú yín má sì kúrò lórí rẹ̀.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ pupa náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ògiri ní àwọn igun, yóò máa sún sínú, yóò máa pọ́n sí i, títí tí yóò fi ká jọ bí ìṣù kékeré ní àárín yàrá tí ògiri rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Iyọ̀ òde ni ó fa omi inú jáde, tí àpò omi náà fi sún kì. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wé mọ́ ohun inú sẹ́ẹ̀lì, tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri tẹ́lẹ̀ tí a kò fi lè dá a mọ̀, ni ẹ wá ń rí ààlà rẹ̀ yìí. Bí ẹ bá tètè fi omi lásán lé omi iyọ̀ jáde, sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì kú yóò tún kún padà.

Bí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì náà ti kú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá nítorí pé ó gbẹ, tàbí pé ẹ ti kán áyódíìnì sí i. Sẹ́ẹ̀lì tí ó kú kò ní awọ tí ó lè dá iyọ̀ dúró mọ́.

Mo rí nǹkan tí ń rìn nínú sẹ́ẹ̀lì. Ṣé kòkòrò ni?

Ó lè máà jẹ́ kòkòrò rárá. Nínú ewé Elodea tí iná ti mú lọ́ wọ́ọ́wọ́, àwọn kilorópíláàsì máa ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn yí ògiri ká, ní ìhà kan náà, bí èrò tí ń lọ sọ́jà. Omi kíki inú sẹ́ẹ̀lì ni ó ń ṣàn tí ó sì ń gbé wọn lọ. Ẹ wo ẹ̀bá egungun àárín ewé, kí ẹ sì ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni àwọn ẹ̀rún kéékèèké ń gbọ̀n jìgìjìgì lójú kan láìní ibi kan pàtó tí wọ́n ń lọ, ìyẹn kì í ṣe àmì ìyè. Ẹ̀rún omi tí kò ṣeé rí ni ó ń kọ lù wọ́n láti ìhà gbogbo. Brown kan náà tí ó fún núkílíọ́ọ̀sì lórúkọ ni ó ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún 1827 lára ẹ̀rún tí ó wà nínú àtíkè òdòdó. Ohun tí ó bá sì ń sáré gba òde ògiri kọjá, láti sẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì, ẹ̀dá inú omi tí ẹ lò ni.

Mo ń rí ìlà ògiri méjì tí kò bára mu. Ìpele kan ni àbí méjì?

Kókó kékeré ni yóò dáhùn. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀: bí ìlà kan bá ń mọ́ bí èkejì ti ń ṣú, tí ọ̀nà tí wọ́n gbà tò sì yàtọ̀ síra, ìpele méjì ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìlà kan náà ni ó kàn ń fẹ̀ tí ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́, ògiri ìpele kan ṣoṣo ni, ẹ ń wo orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì ní jíjìn. Lẹ́ǹsì ti 40 kì í rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú jíjìn náà lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò kì í kúrò lórí kókó kékeré.

Níbo ni mitokọ́ńdíríà (ẹ̀yà tí ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì) àti àwọn yòókù tí wọ́n yà sínú ìwé wà?

Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí wọn báyìí. Ní ọdún 1873, Ernst Abbe, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ààlà: máíkírósíkóòpù onímọ́lẹ̀ kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí wọ́n bá sún mọ́ra ju nǹkan bíi máíkírómítà 0.2 lọ. Ráíbósóòmù, ẹ̀yà tí ń ṣe purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, kéré sí èyí jìnnà, a kò lè rí i láìlo máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ti mitokọ́ńdíríà yàtọ̀ díẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ tó máíkírómítà 0.5 sí 1, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀, ohun tí ó yí i ká kò sì ní àwọ̀, nítorí náà ó di dandan kí a lo aró pàtàkì kí ó tó lè hàn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ bí sẹ́ẹ̀lì kan ti tóbi tó?

Ẹ gbé rúlà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá sábẹ́ lẹ́ǹsì ti 4, kí ẹ ka iye mìlímítà tí ó wà láti etí kan dé etí kejì òbírí ìmọ́lẹ̀ náà. Ká ní ó jẹ́ 4.5. Lábẹ́ lẹ́ǹsì ti 10, òbírí náà yóò jẹ́ 4.5 tí a sọ di ìlọ́po 4 tí a sì fi 10 pín, èyí tí í ṣe mìlímítà 1.8, tàbí máíkírómítà 1,800. Bí sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà bá tò ní gígùn láti etí dé etí, máíkírómítà 300 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó. Òmìrán ni àlùbọ́sà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì.

Bí ẹ bá ya sẹ́ẹ̀lì yẹn ní gígùn mìlímítà 60 sínú ìwé yín, ìlọ́po àwòrán yín jẹ́ 60 tí a fi 0.3 pín, èyí tí í ṣe 200. Ìlọ́po àwòrán kì í ṣe ìlọ́po lẹ́ǹsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń fi ọ̀kan pe èkejì.

Ṣé kí n yà á pẹ̀lú pẹ́ńsù ni, tàbí kí n fi fóònù mú un?

Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà á. Fóònù á mú ohun gbogbo láìwò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń yàwòrán á fi ipá mú ojú láti pinnu ibi tí ògiri yìí pin sí àti bí núkílíọ́ọ̀sì ti tóbi tó sí sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Ẹ lo ìlà kan ṣoṣo tí kò já, ẹ má ṣe kùn ún, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì kọ ìlọ́po rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ yà. Mo ti rí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mitokọ́ńdíríà kún inú sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti dà á kọ. Àwòrán tí ó ní ògiri àti núkílíọ́ọ̀sì nìkan, tí ó sì jẹ́ òótọ́, níye lórí jù ú lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lo fóònù lẹ́yìn náà, ẹ nu lẹ́ǹsì rẹ̀, kí ẹ mú un sún mọ́ lẹ́ǹsì ojú díẹ̀díẹ̀ títí òbírí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kún ojú rẹ̀, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé nǹkan kí ó má baà gbọ̀n.

Mo tẹ orí gbòǹgbò àlùbọ́sà láti wo sẹ́ẹ̀lì tí ń pín, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀kan. Kí ló fà á?

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ gé: mìlímítà 1 sí 2 tí ó wà ní ṣóńṣó orí gbòǹgbò nìkan ni pípín ti ń ṣẹlẹ̀. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń rí bá gùn gbọọrọ, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Àwọn tí ẹ ń wá kéré, ìbú àti òró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, núkílíọ́ọ̀sì wọn sì tóbi. Èkejì ni pé wọn kò tíì rọ̀. Áásìdì háídírókílórììkì ti 1 M (ìwọ̀n bí áásìdì náà ti le tó), ní ìgbóná 60°C fún ìṣẹ́jú 5, ni ó ń tú ohun tí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí a tó fi aró orsíìnì rẹ wọ́n, kí a sì fi àtàǹpàkò tẹ gíláàsì ìbòrí láìjẹ́ kí ó yẹ̀. Áásìdì náà lè jó ara, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò.

Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì, níbẹ̀ náà, kì í ṣe àsìkò pípín ni a bá wọn. Ẹ máa wá ilẹ̀ náà láti etí kan dé etí kejì pẹ̀lú lẹ́ǹsì ti 10, bí ẹni ń túlẹ̀ ní poro dé poro. Nígbà tí ẹ bá rí sẹ́ẹ̀lì kan tí núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ ti fọ́n di àwọn okùn kúkúrú tí ó pọ́n, ẹ yí sí ti 40. Bí wọ́n bá tẹ́ dáadáa tí wọn kò gun orí ara wọn, ẹ kà wọ́n: kírómósóòmù ni à ń pe àwọn okùn náà, 16 sì ni ti àlùbọ́sà.